Legioni: Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ náà àti Bí A Ṣe Ń Lò Ó

Ẹ̀kọ́ fún Kíláàsì Bíbélì. Ẹ ka Máàkù 5:1–20, Lúùkù 8:26–39, Mátíù 26:47–56.



Nígbà tí a ka orí karùn-ún ìwé Máàkù ní kíláàsì ní oṣù tí ó kọjá, ìbéèrè kan dìde tí a kò dáhùn bí ó ti yẹ. Bàbá wa kan, tí ó ti ṣe iṣẹ́ ológun kí ó tó fẹ̀yìn tì, béèrè bóyá ó tọ́ kí Kristẹni máa jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Legion, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀mí àìmọ́ ni ó ń jẹ́ orúkọ náà nínú Bíbélì. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní kí Bàbá yọwọ́ nínú ẹgbẹ́ náà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Àkókò ti lọ, a kọrin, a ṣe oore-ọ̀fẹ́, a sì túká láìfún Bàbá ní èsì.

Ohun tí ó burú ju èyí lọ ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bí a ti ń jáde, a gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ kan fi "Legioni" pe ọmọ ìjọ wa kan tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà. Inú kíláàsì wa ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà jáde. Ọmọ náà gbọ́, ìyá rẹ̀ náà gbọ́. Nítorí náà àwa olùkọ́ kíláàsì jókòó, a tún ẹ̀kọ́ náà yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀, a sì kọ ọ́ síhìn-ín kí gbogbo ìjọ lè kà á, títí kan àwọn tí ọjà tàbí iṣẹ́ ọ́fíìsì kì í jẹ́ kí wọ́n ráyè wá.

Kí a kọ́kọ́ sọ ọ́ gbangba: legioni kì í ṣe orúkọ ènìyàn, kì í sì í ṣe orúkọ ẹ̀mí kan. Ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ni. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Róòmù ni, láti inú èdè Látìnì, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí "ṣà" tàbí "yàn" ni a sì ti mú un jáde. Ní ìgbà láéláé, nígbà tí Róòmù ṣì jẹ́ ìlú kékeré, bí ogun bá dé, wọn a ṣa àwọn ọkùnrin tí ó lè fi owó ara wọn ra ohun ìjà; àwọn tí a ṣà jọ yìí ni legioni. Bí ogun bá parí, olúkúlùkù a padà sí oko rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi di ayé Jésù, nǹkan ti yí padà. Jíjẹ́ ọmọ-ogun legioni ti di iṣẹ́ tí a ń gba owó lé lórí, tí ènìyàn ń ṣe fún 20 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a sì ń fún un ní owó tàbí ilẹ̀ bí ó bá fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba mọ bí ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì ti máa ń rí: ní ọdún 14 Sànmánì Kristi, àwọn legioni tí ó wà létí odò Rhine àti odò Danube dìtẹ̀, nítorí pé a dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́ kọjá ìgbà tí a dá fún wọn.

Àwọn baba wa náà mọ ogun jíjà, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a kíyè sí. Ní Ìbàdàn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, olórí ogun kọ̀ọ̀kan ní àwọn ọmọ-ogun tirẹ̀ tí ó ń bọ́, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń dá wọn mọ̀: àwọn ọmọ-ogun Ògúnmọ́lá, àwọn ọmọ-ogun Látòósà. Legioni kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ni ó ní, pẹ̀lú ère ẹyẹ idì tí a fi kọ́ orí ọ̀pá tí a ń gbé níwájú rẹ̀. Ọ̀gágun rẹ̀ lè kú ní òwúrọ̀, kí Róòmù rán ẹlòmíràn wá, legioni a sì wà bí ó ti wà. Ibi tí ẹ̀rù rẹ̀ ti ń wá nìyí: kò sí ẹnì kan tí ìwọ lè pa tí ìjà yóò fi tán.

Bí a bá fẹ́ mọ bí ó ti pọ̀ tó, kí a kà á láti ìsàlẹ̀ wá. Ọmọ-ogun 8 ni ó ń sùn nínú àgọ́ kan. Àgọ́ 10 bẹ́ẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ènìyàn 80, wà lábẹ́ ẹni tí Bíbélì wa ń pè ní balógun ọ̀rún. Ẹ ó ní, ṣé ọgọ́rùn-ún kọ́ ni ọ̀rún? Ọgọ́rùn-ún ni lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ rẹ̀ ní Látìnì sì wí, ṣùgbọ́n iye náà ti dín kù tipẹ́, orúkọ kò sì yí padà. Ẹ̀yin oníṣòwò kò ní ṣe kàyéfì sí èyí, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé mudù ọjà kan kì í ṣe mudù ọjà kejì, bẹ́ẹ̀ mudù ni gbogbo wọn ń jẹ́. Mẹ́fà nínú ọ̀rún wọ̀nyí ni ó di ẹgbẹ́ kan, bí ènìyàn 480. Irú ẹgbẹ́ yìí ni Kọ̀nẹ́líù ti Kesaríà wà nínú rẹ̀ ní Ìṣe 10, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé tirẹ̀ kò sí lára legioni kankan. Ẹgbẹ́ 10 ni ó di legioni, pẹ̀lú ẹlẹ́ṣin 120 àti àwọn ìjòyè wọn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 5,000, ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àwọn mìíràn a kà á dé 6,000, ẹgbàáta.

Ẹ wá fojú inú wo ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ọkùnrin tí wọ́n wọ aṣọ irin, tí wọ́n ń rìn pọ̀ ní ìró ẹsẹ̀ kan, tí wọ́n ń gba ojú ọ̀nà tí ó kọjá lẹ́bàá abúlé yín. Irú legioni bẹ́ẹ̀ bí 25 ni ó ń ṣọ́ gbogbo ilẹ̀ ọba Róòmù nígbà ayé Jésù, mẹ́rin nínú wọn sì wà ní Síríà, ní òkè Gálílì. Àwọn tí gómìnà Jùdíà ní lọ́wọ́ kì í ṣe legioni. Ọmọ-ogun ìrànwọ́ ni wọ́n, tí a kó láti inú àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀ Róòmù. Nítorí náà àwọn Júù kì í rí legioni lójoojúmọ́. Ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ni ó máa ń dé.

Wọ́n sì ti rí i kí ó dé. Nígbà tí Hẹ́rọ́dù Ńlá kú ní ọdún 4 ṣáájú Sànmánì Kristi, rògbòdìyàn sọ, gómìnà Síríà tí ń jẹ́ Varus sì kó àwọn legioni sọ̀kalẹ̀ wá. Àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ sun ìlú Sepphoris, wọ́n sì ta àwọn ará ibẹ̀ sí oko ẹrú. Ìlú yẹn kò ju kìlómítà mẹ́fà tàbí bẹ́ẹ̀ lọ sí Násárẹ́tì. Josephus, òpìtàn Júù, kọ ọ́ pé Varus kan nǹkan bí 2,000 ènìyàn mọ́ àgbélébùú. (Varus yìí kan náà ni ó wọ inú igbó ní Jámánì ní ọdún 9 Sànmánì Kristi pẹ̀lú legioni mẹ́ta, ìkẹtàdínlógún, ìkejìdínlógún àti ìkọkàndínlógún, tí gbogbo wọn sì run. Ó pa ara rẹ̀. Róòmù kò tún fi nọ́ńbà mẹ́ta wọ̀nyẹn pe legioni kankan mọ́ láéláé.) Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dàgbà díẹ̀ ní Gálílì nígbà tí Jésù ń wàásù mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà "legioni" jẹ́ ju bí ìwé atúmọ̀-èdè ti lè sọ fún wa lọ.

Èdè Gíríìkì ni Máàkù fi kọ ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wá ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún un. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ń jọba lé wọn lórí ni ó kọ sílẹ̀, bí ó ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Àwa náà mọ èyí. Àwọn bàbá wa tí wọ́n lọ sí Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nínú Ẹgbẹ́ Ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kó ọ̀rọ̀ wálé: sájẹ́ǹtì, kọ́pùrà, báráàkì, bàtálíọ̀nù. Kò sí ẹni tí ó jókòó láti túmọ̀ wọn. Ẹni tí ó ní ìbọn ni ó ń sọ nǹkan lórúkọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ọkùnrin inú ibojì náà. Olúwa bi í ní orúkọ rẹ̀. Ìbéèrè ìrẹ̀lẹ̀ ni, irú èyí tí a máa ń bi ọmọ tí ó sọnù ní ọjà. Ṣùgbọ́n èsì tí ó jáde kì í ṣe orúkọ. Iye ni. Ẹ tún kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "mi", ó sì parí pẹ̀lú "àwa". Láàárín gbólóhùn kan ṣoṣo, ọkùnrin náà ti sọnù sínú ogunlọ́gọ̀. Ohun tí ó gba ilé ara rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni ó ń fèsì fún un, bí ìgbà tí àlejò bá wá béèrè onílé, tí sójà tí ó ti gba ilé náà sì yọ orí lójú fèrèsé.

Nítorí náà kò yẹ kí a máa fi ìṣirò da ìtàn náà rú. A ti gbọ́ oníwàásù kan rí tí ó mú ẹgbàáta ẹ̀mí, tí ó fi ẹgbàá ẹlẹ́dẹ̀ inú Máàkù 5:13 pín in, tí ó sì fún ẹlẹ́dẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní mẹ́ta mẹ́ta. Ìṣirò rẹ̀ pé, ìtumọ̀ rẹ̀ ni kò tọ̀nà. Bí ìyá bá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ẹgbẹ̀rún ìgbà ni òun ti kìlọ̀ fún un, ta ni ó ń kà á? Ọ̀kẹ́ náà, àpò tí a ń kó owó ẹyọ sí ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Láti ibẹ̀ ni ó ti di 20,000, láti 20,000 ni ó sì ti di ohun tí a ń dá lẹ́nu bí nǹkan bá pọ̀ jù fún kíkà. Ọ̀nà kan náà ni legioni tọ̀: láti orí ṣíṣà dé orí ẹgbẹ́ ogun, láti orí ẹgbẹ́ ogun dé orí ọ̀pọ̀ tí apá kò ká.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan tún tọ́ka sí i pé Legioni Kẹwàá, èyí tí ó wà lára mẹ́rin tí ó pa Jerúsálẹ́mù run ní ọdún 70, tí a sì fi sílẹ̀ níbẹ̀ láti máa ṣọ́ ìlú náà, ní àmì ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ń ka ìwé Máàkù nígbà náà yóò rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ó bá dé ibi tí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ti já sínú òkun. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àwa kò ní gbé ẹ̀kọ́ lé e lórí, ṣùgbọ́n kò burú kí a mọ̀ ọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má tilẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ àìmọ́, kí ó ṣí Mátíù 26:53. Níbẹ̀, Olúwa wa fúnra rẹ̀ ni ó lo ọ̀rọ̀ náà, àwọn áńgẹ́lì ni ó sì lò ó fún. Ó ní òun lè béèrè, kí a sì fún òun ju legioni 12 lọ. Bí a bá fi ẹgbàáta ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, 72,000 nìyẹn, ọ̀kẹ́ mẹ́ta àti ẹgbàá mẹ́fà. Ọmọ-ẹ̀yìn mọ́kànlá ni ó kù pẹ̀lú rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣìkejìlá. Bí ẹni pé legioni kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni. Ṣùgbọ́n kò béèrè. Ó ní kí ẹni tí ó fa idà yọ dá a padà sínú àkọ̀.

Báwo ni à bá ti wí i ní Yorùbá? Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì wa àtijọ́ rí ọ̀rọ̀ fún balógun ọ̀rún, wọ́n sì rí ọ̀rọ̀ fún ẹgbẹ́ Kọ̀nẹ́líù, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé orí legioni, wọ́n fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. A jiyàn púpọ̀ lórí èyí láàárín ara wa. Ẹnì kan dá "ẹgbẹ́ ọmọ-ogun" lábàá. Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́wàá legioni ni ẹgbẹ́ tí Bíbélì wa ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn dá "ogunlọ́gọ̀" lábàá, etí wa sì gbọ́ "ogun" nínú rẹ̀, ó dùn. Síbẹ̀, ogunlọ́gọ̀ lè jẹ́ èrò ọjà tí kò mọ ibi tí ó ń lọ. Legioni mọ ibi tí ó ń lọ. Ní tiwa, a rò pé àwọn atúmọ̀ kò ṣìṣe, ṣùgbọ́n wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún olùkọ́. Ẹni tí ó bá ń kà á sókè níwájú ìjọ kí ó dúró díẹ̀, kí ó sọ pé: ẹgbẹ́ ogun Róòmù ni, ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ ènìyàn ni àwọn ọmọdé yóò gbọ́. Ohun tí a kò sọ ní oṣù tí ó kọjá nìyẹn.

Bàbá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba èsì yín. Ẹgbẹ́ Nigerian Legion jẹ́ ti àwọn tí ó ti ṣe iṣẹ́ ológun rí, fún ìrànlọ́wọ́ ara wọn, àti fún opó àti ọmọ òrukàn àwọn tí kò padà wálé. Àmì ẹgbẹ́ ogun Róòmù ni ó wà nínú orúkọ náà, kì í ṣe ti ẹ̀mí kan. Àwọn ará wa ní ìjọ Àgùdà ní Legion of Mary, tí a dá sílẹ̀ ní Dublin ní ọdún 1921, àwọn náà sì mú orúkọ yìí láti Róòmù nítorí ètò àti ìgbọràn. Ilẹ̀ Faransé ní legioni àwọn àjèjì láti ọdún 1831. Ẹ máa lẹ òdòdó pupa yín mọ́ àyà bí January 15 bá súnmọ́, kí ẹ sì dárí jì wá pé a jẹ́ kí a fi yín rẹ́rìn-ín ní ilé Ọlọ́run.

Ó wá ku ti ọmọ wa.

Ẹ kọ́kọ́ ka Mátíù 4:24. Níbẹ̀ a to àwọn tí ẹ̀mí ń dà láàmú lọ́tọ̀, a to àwọn tí àìsàn orí ń bá jà lọ́tọ̀, a sì to àwọn arọ lọ́tọ̀. Bíbélì kò sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n, ta wá ni ó fún wa ní àṣẹ láti pa wọ́n pọ̀? Dókítà ń rí ọmọ yìí, ó ń lo oògùn rẹ̀, ọjọ́ mìíràn a dára, ọjọ́ mìíràn kì í dára. Bí ara rẹ̀ bá yá, òun ni ó ń tún ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì tò lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀yin tí ẹ ń wá sí ìdánrawò orin mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ lọ́jà láti àárọ̀ títí di alẹ́ nítorí owó oògùn náà. Àwọn ẹbí rẹ̀ wà nílé, ní ọ̀nà jíjìn. Ní Òkè Ọya níhìn-ín, àwa ni ẹ̀gbọ́n, àwa ni àbúrò, àwa ni a ó pè bí ilẹ̀ bá ṣú. Láti ọjọ́ kíláàsì yẹn, kò tíì wá mọ́.

Ọmọ náà ní orúkọ. Ìjọ yìí ni a ti sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ tí a bí i. Àwọn kan nínú yín fi oyin kàn án lẹ́nu, ẹ sì sọ owó sínú àwo omi kí ẹ tó pe orúkọ tiyín lé e lórí. Ẹnì kan nínú àwa tí a ń kọ ìwé yìí pe ọ̀kan. Kò sí ẹni tí ó pè é ní Legioni ní ọjọ́ náà.

Nínú Máàkù pẹ̀lú, lẹ́yìn tí Olúwa ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, a kò tún fi orúkọ yẹn pe ọkùnrin náà mọ́. Ẹni tí ó ti ní legioni rí ni a pè é; ohun tí ó ti kọjá ni. Ó jókòó, ó wọ aṣọ, iyè rẹ̀ bọ̀ sípò. Ó bẹ̀bẹ̀ kí òun bá Jésù lọ, Jésù sì ní kí ó lọ sí ilé rẹ̀, sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn tirẹ̀. Máàkù kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n ní ilé.

Àwa olùkọ́ kíláàsì yóò lọ sí ilé arábìnrin wa ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti ti ìsọ̀, láti tọrọ àforíjì. A ti bá àwọn òbí àwọn ọ̀dọ́ náà sọ̀rọ̀; méjì nínú àwọn ọ̀dọ́ náà yóò bá wa lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ wá kí ó pàdé wa ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ní agogo mẹ́fà ààbọ̀, kí ó má sì wá ní ọwọ́ òfo.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, Ìṣe 10 ni a ó kà, nípa Kọ̀nẹ́líù àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní Bíbélì èdè Hausa kí ó mú un wá, kí a lè wo bí àwọn náà ti pe ọ̀rọ̀ ogun wọ̀nyí.